Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Kò Mọ Ooru Mọ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìwé mi rẹ́rìn-ín. Kíláàsì kẹrin ni mo dé kí n tó kúrò nílé-ìwé, kò sì sẹ́ni tó kọ́ mi bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ kó dùn. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, mo máa ń gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ. Orí bébà ló rọ̀ mí lọ́rùn díẹ̀, torí bébà kì í wo èèyàn lójú. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló máa ń kọ irú ìtàn báyìí fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ro iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́. Èmi kì í ṣe àgbà. Àwọn ẹgbẹ́ mi ṣì ń bímọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí kò tíì ga tó tábìlì ìlọṣọ, tó sì ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun náà ti fẹ̀yìn tì ní tirẹ̀. Bọ́sẹ̀ ni orúkọ mi. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mo ṣe, ní Ajah, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Thomas Estate.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Bàbá mi kú ní Ìkirè, ìyá mi sì mú mi fún obìnrin ará ìlú wa kan tó ń fọṣọ fún àwọn ará ẹ́sítéètì l'Ékòó. Ìyá Tóyìn ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀gá la máa ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ló ni iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn èèyàn ní kó wá nǹkan mìíràn ṣe, pé áyọ́ọ̀nù eléèédú kì í ṣe ohun tí obìnrin ń gbé.

Ọ̀gá ní, "Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, bóyá ó ní irùngbọ̀n."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé e, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù wa, pákó àti páànù ni. Kànga wà lẹ́yìn, okùn ìsáṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tábìlì ìlọṣọ sì wà níwájú níbi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé eérú lu aṣọ. Èmi àti Sikirat la jọ kọ́ṣẹ́. Ó jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ fíìfíì.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń rò pé ẹ máa wọṣẹ́ lónìí, kí ẹ sì máa ṣe iṣẹ́ ọ̀gá lọ́la, ẹ gbọ́. Ó pẹ́ kí n tó fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù. Omi ni mo kọ́kọ́ kọ́. Mo fà á títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi le. Lẹ́yìn náà, mo kọ́ bí a ṣe ń ya aṣọ sọ́tọ̀, torí Ọ̀gá ní funfun kì í bá aláwọ̀ sùn. Mo kọ́ bí a ṣe ń so òwú sí abẹ́ ìṣẹ́tí aṣọ kí aṣọ ilé kan má bàa bá tilé kejì lọ: òwú pupa fún ilé yìí, òwú aláwọ̀ ewé fún tọ̀hún. Mo kọ́ bí búlúù ṣe ń pọ̀ jù tí aṣọ funfun á wá dà bí ojú ẹni tí wọ́n gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Mo kọ́ bí a ṣe ń se sítáàṣì pákí. Bí ó bá ki jù, Ọ̀gá á fi ìka kan bọ̀ ọ́, á gbé e sókè.

"Bọ́sẹ̀, ṣé ẹ̀kọ lo fẹ́ kí n fi jẹ àkàrà ni?"

Ọ̀gá kì í na èèyàn. Ìyà tirẹ̀ ju nínà lọ. Bí o bá lọ aṣọ tán, tí ó gbé e wò, tí ó rí ìlà kan tí kò tọ́, kò ní bínú. Á rọra gbé aṣọ náà lọ sídìí ike omi, á tẹ̀ ẹ́ rì, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. O mọ ohun tó kù fún ọ láti ṣe. Mo ti sunkún lórí ṣòkòtò ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ mi jù lọ ni ooru. Áyọ́ọ̀nù eléèédú kò ní nọ́ńbà lára. Kò sí ibi tí o máa yí tí ó máa sọ fún ọ pé ó ti tó. Àwọn alágbàfọ̀ mìíràn máa ń tutọ́ sí i kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń hó. Ọ̀gá kò gbà á.

"Ta ló fẹ́ wọ itọ́ rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ la máa ń lò. A ó gbé áyọ́ọ̀nù sókè, a ó gbé e súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ láìjẹ́ kó kàn án, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ní ọwọ́ alágbàfọ̀ máa ń parọ́, torí iṣẹ́ ti sọ ọ́ di èèpo igi, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í parọ́. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá sá, aṣọ òwú ni kí o gbé. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá fẹ́ dúró díẹ̀, léèsì ni. Bí ó bá fẹ́ sùn síbẹ̀, padà lọ fẹ́ iná. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mọ̀ ọ́n tán, Ọ̀gá á kàn na aṣọ sí mi láìsọ̀rọ̀. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti fọkàn tán mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ lójú, eruku bo gbogbo wa. Aṣọ tí a sá láàárọ̀, nígbà tí a bá fi máa kó o ní ọ̀sán, ó ti di aláwọ̀ ilẹ̀. Sikirat ní kí a máa tà á bẹ́ẹ̀, kí a sọ pé àrà tuntun ni. Ṣùgbọ́n eruku náà ló bọ́ wa, torí gbogbo ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá ló ń ní aṣọ ìdọ̀tí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́lé lọ́nà Ìbẹ̀jú ń kó tiwọn wá, àwọn lọ́yà àti òṣìṣẹ́ báǹkì inú ẹ́sítéètì ń kó tiwọn wá. Nígbà tó yá, àwọn ilé ńlá ra ẹ̀rọ ìfọṣọ. A rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ̀rọ fọ aṣọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fún un bí ẹni fún ewúro, wọ́n sì tún ń gbé e wá kí a lọ̀ ọ́. Áyọ́ọ̀nù oníná dé, áyọ́ọ̀nù onígáàsì dé. Ọ̀gá ra oníná kan. Iná lọ lórí aṣọ bàbá kan tó fẹ́ lọ sí òkè òkun, Ọ̀gá sì padà sídìí èédú. Ó ní èédú kì í kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó ràn.

Nígbà tó ṣe, Ọ̀gá gbàdúrà fún wa, ó dá wa sílẹ̀ lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Èmi àti Sikirat kò lọ. A dúró tì í, ó sì ń sanwó fún wa. Ìbá dára kí ìtàn mi máa lọ bẹ́ẹ̀.

Mi ò lè sọ ọjọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Òtútù ló kọ́kọ́ dé. Ẹ fojú inú wò ó: Ajah, lábẹ́ páànù, nínú oòrùn, níwájú èédú tó pọ́n dòdò, tí Ọ̀gá àti Sikirat ń làágùn, tí èmi sì wọ súwẹ́tà. Sikirat kò lè pa á mọ́ra.

"Ìyá Òtútù! Ṣé kí a gbé ọ wọnú áyọ́ọ̀nù ni?"

Orúkọ yẹn mọ́ mi lára. Àwọn ọlọ́kadà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù gbà á. "Ìyá Òtútù, ẹ bá wa ta yìnyín!" Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ni ẹni tí ojú ń tì máa ń fi bo ojú.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, bẹ́ẹ̀ mi ò sì lè jẹun tán nínú abọ́. Ojú mi wú láàárọ̀. Irun mi ń jábọ́ sínú kóòmù. Ohùn mi wúwo, ó dà bí ti ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Ìgbẹ́ kì í wá. Oorun ni gbogbo ìgbà, bí mo bá sì sùn, bí ẹni tí kò sùn ni mo ń jí. Obìnrin kan tó ń ta omi tútù nítòsí wa wo ikùn mi, ó ní, "Bọ́sẹ̀, ta lo lóyún fún?" Ọ̀gá gbọ́. Kò bi mí. Ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ mo rí i pé ó ń wo ikùn mi bí ẹni ń wo ìkòkò tó wà lórí iná. Oyún kò yọ, ó sì dáwọ́ wíwò dúró. Ohun tó wá rò nígbà náà ló dùn mí jù: ó rò pé ọ̀lẹ ni mo dà. Gbogbo èèyàn rò bẹ́ẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ kọ èyí tó kù yìí, ojú sì ń tì mí, ṣùgbọ́n òun ni mo tìtorí rẹ̀ gbé bírò.

Ìbànújẹ́ tó ní ìdí, èèyàn mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, mo mọ ìdí tí mo fi ń sunkún. Eléyìí kò ní ìdí. Ó kàn wà níbẹ̀ nígbà tí mo bá lajú, bí aṣọ tútù tí wọ́n fi bo èèyàn. Mo máa ń dúró sídìí kànga tí garawa ti kún, tí mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe sí i. Àwọn oníbàárà á kí mi, mi ò ní lè dáhùn, wọ́n á ní mo ti ń gbéraga. Ìyá mi á pè mí lórí fóònù, mi ò ní gbé e. Mo máa ń rántí òwe kan tí wọ́n ń pa nílé wa, pé ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ má ṣe pa òwe yẹn létí ẹni tí ojú ń tì. Mi ò wá ikú lọ. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó pé bí mi ò bá jí lọ́jọ́ kan, kò ní da iṣẹ́ ẹnikẹ́ni rú. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Báwo ni èèyàn á ṣe sọ fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, tó ń gbé iná lójoojúmọ́, pé òun tí ó ń bọ́ ń banújẹ́ láìnídìí?

Àsìkò yẹn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó aṣọ. Lákọ̀ọ́kọ́, kọ́là ẹ̀wù kan ràn wẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan. Ọ̀gá san owó. Ó ní kí n máa fiyè sí i. Mo ń fiyè sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oníbàárà wa kan tí a ń pè ní Àǹtí lọ́yà gbé ìró funfun wá. Inú Thomas Estate ló ń gbé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n sì fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ. Ìró ìyá rẹ̀ tó ti kú ni. Léèsì àtijọ́, èyí tó fúyẹ́ tó sì ní ihò bí oyin. Ó ní òun fẹ́ ró o mú ọmọ jáde.

Ọ̀gá fún mi. Ó ní, "Ìwọ ni kí o lọ̀ ọ́. Ọwọ́ Sikirat le."

Mo tẹ́ ìró náà, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè bó ṣe yẹ. Mo ta omi sí aṣọ tí a ń fi bo léèsì, mo bò ó. Mo gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí iná, mo gbé e súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní ó tutù. Mo dá a padà, mo fẹ́ iná sí i. Mo tún gbé e wò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ní ó fẹ́ dúró díẹ̀. Mo gbé e lé léèsì.

Òórùn ló sọ fún mi. Nígbà tí mo gbé e kúrò, aṣọ tí mo fi bò ó ti pọ́n, lábẹ́ rẹ̀ sì ni imú áyọ́ọ̀nù wà lára ìró náà, ó dúdú, ó ṣe ṣóńṣó, bí ẹni pé wọ́n yà á síbẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó sì fọ́ bí ewé gbígbẹ.

Àǹtí lọ́yà dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá kúnlẹ̀. Mi ò rí i kí Ọ̀gá kúnlẹ̀ fún oníbàárà rí, pàápàá ẹni tó kéré sí i.

"Ìyá Tóyìn, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Ó mú ìró náà. Ó wò ó pẹ́. "Màmá mi kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wọn lọ̀ ọ́. Àwọn fúnra wọn ni. Èmi ni mo ní kí n má da ara mi láàmú."

Ọ̀gá ní, "A máa wá irú rẹ̀, mà. Ibikíbi tó bá wà."

"Irú rẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́, mà."

Ó ká a, ó fi ibi tó jó sínú, ó sì gbé e lọ. Kò pariwo mọ́ mi. Ìbá sàn kí ó pariwo.

Bó ṣe jáde ni Sikirat sọ̀rọ̀. "Oorun ni, Ọ̀gá. Ìyá Òtútù ti sùn lórí ìdúró."

"Mi ò sùn," mo wí.

"Kí wá ni?" Ọ̀gá yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Bọ́sẹ̀, kí ni mo ṣe fún ọ? Ṣé o ò gbé e sẹ́rẹ̀kẹ́ ni?"

"Mo gbé e sẹ́rẹ̀kẹ́, Ọ̀gá."

"Irọ́."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e. Kò gbóná jù."

"Irọ́ lò ń pa fún mi! Lójú èmi tí mo kọ́ ọ!"

Ó lọ sídìí iná, ó gbé áyọ́ọ̀nù tí èédú inú rẹ̀ ṣì ń jó, ó sì na ibi tí a ń dì mú sí mi. "Gbé e wò. Níṣojú mi. Kí o sọ ohun tó wí."

Mo gbé e súnmọ́ ojú mi. Mo dúró. Mo ń fi gbogbo ara gbọ́ ọ, torí mo fẹ́ sọ òótọ́. "Kò tíì tó, Ọ̀gá. Léèsì ṣì máa gbà á."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀, orí rẹ̀ sì fò sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Sikirat fẹ́ rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá na ọwọ́ sí i láìwò ó.

Ọ̀gá súnmọ́ mi. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bí ìyá ṣe ń fọwọ́ kan ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Ó fi kan ọrùn mi. Ó fa súwẹ́tà mi wò.

"Awọ ara rẹ dà bí bébà sìmẹ́ǹtì," ó wí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìgbà wo ni ooru ti mú ọ kẹ́yìn?"

Mo rò ó. Mi ò rántí.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Olúwa, dárí jì mí," ó wí, ó sì ń wo áyọ́ọ̀nù náà léraléra bí ẹni pé òun ló fẹ́ bá wí.

Ó tì ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kejì, ohun tí kì í ṣe, a sì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Dókítà tó rí wa jẹ́ obìnrin, Yorùbá ẹnu rẹ̀ kún fún gẹ̀ẹ́sì. Ó fọwọ́ tẹ iwájú ọrùn mi, ó ní kí n gbé itọ́ mì. Ó fi nǹkan kékeré kan lu orúnkún mi, ẹsẹ̀ mi sì rọra lọ, ó rọra bọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó béèrè nípa oorun, nípa nǹkan oṣù, nípa ìgbẹ́. Ọ̀gá dáhùn èyí tó mọ̀. Dókítà wá wò mí lójú.

"Ṣé inú rẹ máa ń bàjẹ́ láìsí ìdí kankan?"

Ọ̀gá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "Rárá, mà."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tí èsì jáde, dókítà ní ẹṣẹ́ kékeré kan, bí kókó ẹran, wà níwájú ọrùn tí wọ́n ń pè ní tàírọ́ọ̀dù. Òun ló ń sọ fún ara bí yóò ṣe yára tó. Ó ní tèmi kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́.

Ọ̀gá ní, "Bí áyọ́ọ̀nù tí èédú inú rẹ̀ ti ń kú lọ?"

"Ó fara jọ ọ́, mà. Ìdí nìyẹn tí òtútù fi ń mú un nídìí iná." Dókítà tún wò mí. "Kì í ṣe ara nìkan ló máa ń bá jà. Ẹlòmíràn, ọkàn rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì, á máa rò pé òun kò wúlò. Àìsàn ni. Kì í ṣe ìwà."

Mo wo ilẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ dáadáa.

Ó fún mi ní oògùn. Àràárọ̀ ni, pẹ̀lú omi, nígbà tí inú bá ṣófo, kí n sì dúró díẹ̀ kí n tó jẹun. Ó ní ó ṣeé ṣe kí n máa lò ó títí ayé, kí n má dá a dúró fúnra mi, kí n sì máa padà wá gba àyẹ̀wò. Àwọn ará ilé wa rí mi tí mò ń lò ó, wọ́n sì ń sọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹni tó ń lo oògùn lójoojúmọ́. Sikirat ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. "Bí ẹ bá mọ oògùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ lọ ṣí kẹ́mísì!" Láti ọjọ́ yẹn kò pè mí ní Ìyá Òtútù mọ́. Kò tọrọ àforíjì o. Ó kàn dáwọ́ dúró.

Bí oṣù ṣe ń gun oṣù, ara mi ń bọ̀. Ojú mi kò wú mọ́. Mo bọ́ súwẹ́tà. Mo làágùn lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá sì pe obìnrin olómi tútù kó wá wò ó bí ẹni pé mo gba ẹ̀bùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún iná. Ṣùgbọ́n mi ò gbà á gbọ́ mọ́. Bí aṣọ bá jẹ́ léèsì, mo máa ń ní kí Sikirat bá mi gbé e wò kí n tó lò ó.

Ohun tí mi ò retí nìyí: aṣọ tútù orí ọkàn mi kò ká kúrò tán. Ó fúyẹ́ lóòótọ́, ọjọ́ mìíràn á sì wà tí mi ò ní rí i rárá. Ṣùgbọ́n ó máa ń padà. Èyí sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ lójú mi, torí nígbà yẹn mo ṣàìsàn, mo ní àwáwí. Ní báyìí gbogbo èèyàn ń sọ pé, "Bọ́sẹ̀ ti gbádùn." Kí ni èmi máa wá sọ pé ó ń ṣe mí? Mo rò pé bóyá ìwà mi gan-an nìyẹn, tí oògùn kò lè fọ̀.

A padà lọ rí dókítà. Ó béèrè bí ọkàn mi ṣe wà. Ọ̀gá ló yára dáhùn.

"Ara rẹ̀ ti yá, mà! Ó ti ń kọrin."

Mi ò kọrin. Dókítà kò wo Ọ̀gá, èmi ló ń wò. Ọ̀gá náà wá yíjú, ó wò mí. Mo rò pé ó rí nǹkan. Ó dìde, ó ń wá ìborùn rẹ̀ tó wà ní èjìká rẹ̀.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ẹni tó ń ta búrẹ́dì níta." Ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn mọ́ wa.

Mo sọ ọ́. Ó ṣòro fún mi, ó ń jáde ní ẹyọ ẹyọ, ṣùgbọ́n mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí pé mo máa ń rò ó kí n má jí. Dókítà kò bẹ̀rù, kò sì wàásù fún mi. Ó bi mí bóyá mo ti gbèrò láti pa ara mi lára rí. Mo ní rárá. Ó ní bí èrò bẹ́ẹ̀ bá wá, kí n má ṣe dá wà, kí n wá bá wọn lọ́jọ́ náà. Ó ní wọ́n máa tún wo ẹ̀jẹ̀ mi bóyá oògùn ti tó. Ó ní àwọn kan tún nílò ìtọ́jú fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ti ẹṣẹ́, pé ẹnì kan wà nílé ìwòsàn náà tí mo máa máa wá bá sọ̀rọ̀.

"Nílé ńkọ́? Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sí, mà."

"Wá ẹnì kan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ padà, Ọ̀gá fún mi ní búrẹ́dì. Mo la ẹnu nígbà tí a dé abẹ́ afárá Ajah, mo tún pa á dé.

Mo ṣiṣẹ́ alágbàfọ̀ fún ọdún díẹ̀ sí i lẹ́yìn ìyẹn. Mò ń lo oògùn mi, mo sì ń lọ bá ẹni tí wọ́n ní kí n máa bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ẹni tó ni ilẹ̀ fẹ́ kọ́ ilé alájà lé ibi tí ṣọ́ọ̀bù wa wà. Ọ̀gá padà sí Ìkirè, Sikirat bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, èmi sì ń ta ọṣẹ, búlúù àti sítáàṣì báyìí fún àwọn tó ṣì ń fọṣọ. Ẹ̀yin tó ń wá iṣẹ́ kọ́, iṣẹ́ náà dára. Ó ń kọ́ èèyàn ní sùúrù àti ìmọ́tótó. Ẹ wá ọ̀gá tó le, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ẹni tó máa yẹ ọ̀rọ̀ wò kí ó tó pè é ní irọ́. Bí ẹ bá sì di ọ̀gá, tí ọmọ iṣẹ́ yín tó já fáfá bá kàn ṣàdédé di ọ̀lẹ, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ara rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí mo ní kò ju ìyẹn lọ.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí ni àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí a ti ilé ìwòsàn dé, tí Ọ̀gá fún mi ní búrẹ́dì. Mo lo oògùn mi, mo rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Sikirat kò tíì dé. Ọ̀gá ti wà lórí bẹ́ǹṣì nídìí iná, ó ń fẹ́ èédú. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá."

"Káàárọ̀, Bọ́sẹ̀. Ṣé dáadáa lo jí?"

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ èsì ìyẹn. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó lánàá á ní a dúpẹ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lórí ẹní àìsàn á ní a dúpẹ́. Èmi náà ti ń sọ ọ́ láràárọ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mi ò dìde.

Mo ní, "Rárá, Ọ̀gá. Mi ò jí dáadáa. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti ń jí dáadáa."

Abẹ̀bẹ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sún lórí bẹ́ǹṣì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu eérú ibi tó ṣófo kúrò.

Mo dìde, mo lọ jókòó síbẹ̀.